Ìpéǹpéjú Tó Já Wálẹ̀, Ọmọlójú Tí Kò Dọ́gba: Kí Ni Dókítà Ń Wá Níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ti ń gbé Kàdúná láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà, Màmá Kàdúná ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn oníbàárà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ò sùn dáadáa lánàá ni?" Ìpéǹpéjú òsì wọn ló ń wálẹ̀. Láàárọ̀, ojú á là kedere. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú á ti bo ìdajì ojú. Àwọn ará ilé ní àárẹ̀ ni. Aládùúgbò kan ní ọwọ́ ayé ni. Oníkẹ́míìsì àdúgbò fún wọn ní oògùn ibà, nígbà tí ìyẹn ò sì ṣiṣẹ́, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọjọ́ mélòó kan. Kí abẹ́rẹ́ tó parí, ojú méjèèjì ti wálẹ̀, wọ́n ń rí ènìyàn kan ní méjì, ẹ̀bà ò sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ dáadáa mọ́.

Dókítà ojú tó wá mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kò kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ kankan. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè àjà, ẹ má gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí màá fi sọ pé ó tó." Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ìpéǹpéjú ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ kọ́tìnnì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rán ọ̀kan lára wa lọ ra yìnyín lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì. Ó kó o sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé e lé ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ jù fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú là. Kò pẹ́ tó tún fi wálẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tá a wà nínú yàrá yẹn la rí i.

Látìgbà náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà pé báwo ni ìpéǹpéjú àti ọmọlójú ṣe lè sọ ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀nà kúkúrú, ọ̀nà jíjìn

Ọmọlójú ni ihò dúdú róbótó tó wà láàárín ẹyinjú, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara ló ń darí rẹ̀. Iṣan ọpọlọ la ó máa pè wọ́n níbí, kí wọ́n má bàa dà pọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀.

Iṣan ọpọlọ méjìlá ló jáde sápá ọ̀tún orí, méjìlá sápá òsì, nọ́ńbà sì làwọn dókítà fi ń dá wọn mọ̀. Ìkẹta ló kàn wá jù. Òun ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè, òun ló ń mú kí ọmọlójú sún kì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, òun náà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yíyí ẹyinjú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Iṣan mìíràn wà tó ń ṣe òdìkejì: ó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ nínú òkùnkùn tàbí nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ó sì ń ran ìpéǹpéjú lọ́wọ́ láti fi mìlímítà kan tàbí méjì gòkè sí i. Ọ̀nà tí ìyẹn ń gbà yani lẹ́nu. Ó kúrò nínú ọpọlọ, ó bá ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé òkè àyà, ó gba orí ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ó wá tọ ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ọrùn gòkè padà sínú ojú. Bí ẹni tó fẹ́ ti Ìkòyí lọ sí Ọbáléndé tó wá gba Ìbàdàn ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní iṣan ọlọ́nà jíjìn.

Nítorí pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, dókítà máa ń wo ọmọlójú kó tó pinnu ohun tó ń ṣe ìpéǹpéjú. Bí ìpéǹpéjú bá já wálẹ̀ tí ọmọlójú sì tóbi, iṣan kẹta ló ń fura sí. Bí ó bá wálẹ̀ díẹ̀ tí ọmọlójú sì kéré, iṣan ọlọ́nà jíjìn ni. Bí ó bá wálẹ̀ tí ọmọlójú ò sì ní àlébù kankan, ó lè jẹ́ irú ti Màmá Kàdúná, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ orí lásán tàbí ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Ká sọ pé ìpéǹpéjú ẹnì kan ṣàdédé já wálẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú. Ẹ fọwọ́ gbé e sókè, ẹ rí i pé ẹyinjú ti yà sápá etí, ó sì wolẹ̀ díẹ̀. Ọmọlójú fẹ̀, bẹ́ ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò sún kì. Ẹ̀fọ́rí ńlá tún bá a rìn. Iṣan kẹta ló dákẹ́ yẹn. Ohun tó ń ba dókítà lẹ́rù jù ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú orí lè ti wú, bí tíúbù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ kókó níbi tó bá ti fẹ́lẹ́, kí kókó náà sì máa tẹ iṣan kẹta. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sórí ọpọlọ, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í yè é. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí. Ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má sì dúró de ìparí ìsọjí.

Àrùn ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè mú kí iṣan kẹta dákẹ́, àwọn àgbàlagbà ló sì sábà máa ń ṣe. Ibí ni ọmọlójú ti ń jẹ́rìí. Àwọn okùn tó ń fún ọmọlójú pọ̀ wà létí ìta iṣan kẹta, bí èèpo tó bo wáyà iná. Ohun tó bá tẹ iṣan náà láti ìta, àwọn ló máa kọ́kọ́ ṣe léṣe. Ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé àárín iṣan, nítorí náà ìpéǹpéjú lè já wálẹ̀ pátápátá kí ọmọlójú ṣì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Irú èyí sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jókòó sílé dá ẹjọ́ yìí fúnra yín. Ọmọlójú tó dára lónìí lè fẹ̀ lọ́la, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí aláìsàn tètè padà wá kí òun tún un wò.

Tọ́ọ̀ṣì, òkùnkùn àti fọ́tò àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ojú ọmọ yín dáadáa lè ti rí i pé ọmọlójú ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Kí àyà yín má tíì já. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ọmọlójú rẹ̀ kò dọ́gba tán láìsí àìsàn kankan. Ìyàtọ̀ irú èyí kì í sábà tó mìlímítà kan, bó ṣe rí nínú ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ṣe máa ń rí nínú òkùnkùn.

Ohun tí dókítà ń wá ni ìyàtọ̀ tó ń yí padà. Ó máa tan iná yàrá, ó máa wò, ó máa paná, ó sì máa tún wò. Bí ìyàtọ̀ náà bá hàn jù nínú ìmọ́lẹ̀, ojú tí ọmọlójú rẹ̀ tóbi ló ní àlébù, torí pé ó kọ̀ láti sún kì. Bó bá hàn jù nínú òkùnkùn, èyí tó kéré ló ní àlébù, torí pé ó kọ̀ láti fẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ojú dúdú bíi tiwa ń fi nǹkan pa mọ́: ọmọlójú dúdú, àwọ̀ tó yí i ká náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń rí ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ lọ́jọ́ kìíní tí wọn ò sì ní rí ọmọlójú tó yí padà fún oṣù mẹ́fà. Dókítà máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ àgbọ̀n kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ wá láì tàn sínú ojú tààrà.

Ó tún máa béèrè fọ́tò àtijọ́. Káàdì ìdìbò, ìwé ìrìnnà, fọ́tò ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Bí ìpéǹpéjú bá ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jẹ́ ti pàjáwìrì mọ́. Mo mọ ìdílé kan ní Kutọnu tí ẹ̀rù bà títí wọ́n fi rí fọ́tò ìkómọjáde bàbá wọn nínú àpótí, tí ojú rẹ̀ sì rí bákan náà níbẹ̀.

Ọmọlójú kékeré àti ọrùn tó ń dunni

Lọ́dún 1869, dókítà ojú kan ní Switzerland, Johann Friedrich Horner, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ìpéǹpéjú ọ̀kan rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, tí ọmọlójú ẹ̀gbẹ́ kan náà kéré, tí ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn kì í sì í làágùn. Orúkọ Horner ni wọ́n ṣì ń pe àìsàn náà lónìí. Iṣan ọlọ́nà jíjìn ló já tàbí tí nǹkan tẹ̀ ẹ́, ìṣòro dókítà sì ni pé ọ̀nà náà gùn: ibo ló ti já?

Nítorí náà, ìbéèrè rẹ̀ máa dà bí ẹni pé kò kan ojú rárá. Ṣé ẹ ń mu sìgá? Ṣé èjìká tàbí apá ń dùn yín? Torí jẹjẹrẹ tó bá hù sí góńgó orí ẹ̀dọ̀fóró lè kọ́kọ́ fi ara hàn lójú. Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lọ́rùn, bíi ti gẹ̀gẹ̀? Ṣé ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà láìpẹ́ yìí, tí ọrùn sì ń ro yín? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lágbára gan-an. Bí awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn bá ya, ọmọlójú lè kéré kí ọrùn àti ojú sì máa dunni, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Pàjáwìrì ni ìyẹn náà.

Oògùn tí wọ́n ń kán sójú ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láyé àtijọ́, kokéènì ni wọ́n ń lò: ó máa ń mú kí ọmọlójú tó dára fẹ̀, èyí tí iṣan rẹ̀ ti já kò sì ní fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí ni apraclonidine, ìdàkejì ni tiẹ̀ sì ń ṣe: ọmọlójú tó kéré á wá fẹ̀ ju èkejì lọ, ìpéǹpéjú á sì gòkè. Wọn kì í kán an fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, torí ó lè mú kí ọmọ sùn jù kí èémí rẹ̀ sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fà gidigidi nígbà ìbí tí iṣan èjìká rẹ̀ sì ṣèṣe lè ní irú ojú yìí, àwọ̀ ẹyinjú ẹ̀gbẹ́ náà sì lè fúyẹ́ ju ti èkejì lọ bó ṣe ń dàgbà. Bí kò bá sí ohun tó ṣàlàyé rẹ̀, dókítà á yẹ ọrùn, àyà àti ikùn ọmọ náà wò, torí irú jẹjẹrẹ kan wà tó ń ṣe ọmọdé tí ojú máa ń kọ́kọ́ sọ. Bí ìpéǹpéjú ọmọ kan bá sì bo ọmọlójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ má ṣe dúró pé á dàgbà yọ nínú rẹ̀. Ojú tí kò bá ríran dáadáa ní kékeré lè má kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran mọ́.

Èso kan láti Calabar

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Calabar, àwọn Efik ní èso kan tí wọ́n ń pè ní esere. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnì kan, wọ́n á ní kó jẹ ẹ́: tó bá bì í, kò jẹ̀bi, tó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tó wà níbẹ̀ fi èso náà ránṣẹ́ sí Edinburgh. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún 1855 láti mọ bó ṣe ń ṣeni, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí rẹ̀. Thomas Fraser wá rí i pé ó ń mú kí ọmọlójú sún kì. Lọ́dún 1863, dókítà ojú kan níbẹ̀, Douglas Argyll Robertson, kán omi rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Òun náà ló ṣàlàyé, lọ́dún 1869 kan náà tí Horner kọ tirẹ̀, nípa ọmọlójú kékeré tí kì í dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn àmọ́ tó ń sún kì bí ènìyàn bá wo nǹkan tó sún mọ́ ọn. Àmì pé àrùn syphilis ti wọ ọpọlọ ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́.

Èròjà tó wà nínú esere ni physostigmine. Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí iṣan ọpọlọ rán sí ẹran ara pẹ́ kó tó parẹ́. Lọ́dún 1934, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Walker ní ilé ìwòsàn St Alfege ní Greenwich, nílùú London, ronú pé àwọn tó ní àìsàn myasthenia gravis ṣe bí ẹni tí wọ́n fún ní májèlé ọfà tí wọ́n ń pè ní curare. Physostigmine ló ń tú curare, nítorí náà ó gún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìpéǹpéjú obìnrin náà gòkè. Nígbà tó yá, ó tún wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Lọ́dún 1935, Percy Julian, onímọ̀ kẹ́míkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè èròjà náà láìlo èso. Ìdílé oògùn yẹn ni pyridostigmine, tí Màmá Kàdúná ń lò lónìí, ti wá. Ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ lẹ́jọ́ ló wá bí oògùn ẹni tí aládùúgbò ní ọwọ́ ayé ló wà lára rẹ̀.

Myasthenia gravis ni wọ́n ní. Iṣan ọpọlọ wọn kò já. Ibi tó ti ń fi iṣẹ́ lé ẹran ara lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ogun ara wọn ń bá jà. Bí wọ́n bá sinmi, agbára á padà. Bí wọ́n bá ń lo ojú, á tán. Òtútù yìnyín ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti dé, bí ìpéǹpéjú bá sì fi mìlímítà méjì gòkè, dókítà á fura gidigidi. Ọmọlójú kì í yí padà nínú àìsàn yìí rárá. Lẹ́yìn yìnyín ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán àyà, torí ẹṣẹ́ kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà lè wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó o: láàárín àwọn tí àìsàn náà ò tíì kọjá ojú wọn, nǹkan bí ìdajì ló máa ń hàn lára wọn.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nípa rẹ̀ ni oògùn. Gentamicin, ciprofloxacin, chloroquine, kúínì àti abẹ́rẹ́ magnesium lè mú kó burú sí i. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé àwọn oògùn tá a máa ń tètè nawọ́ sí ni díẹ̀ nínú wọn. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí kò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí tí èémí rẹ̀ ń kúrú, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Àwọn mìíràn tó lè tan ni jẹ

Ewé gégemu, tí àwọn Hausa ń pè ní zakami, lè mú kí ọmọlójú fẹ̀ bí ẹni tó já a bá fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Kò sí ẹ̀fọ́rí, ìpéǹpéjú kò wálẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ oko. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan máa ń ní ọmọlójú ńlá kan tó ń lọ́ra láti sún kì, tí eékún wọn kì í sì í ta bí dókítà bá fi òòlù kékeré kàn án. Kì í pani.

Ẹnu tó wọ́ sápá kan tí ojú kò sì ṣeé pa dé yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Iṣan keje ni ìyẹn, ojú kì í já wálẹ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgbèríko, bí ejò bá bu ènìyàn jẹ tí ìpéǹpéjú méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, oró náà ti ń mú iṣan rẹ̀, èémí ló sì lè kàn lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe dúró sínni lẹ́sẹ̀ tàbí kí ẹ wá ewé.

Kí ẹ tó kúrò nílé lọ rí dókítà, ẹ fi fóònù ya ojú náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání. Ẹ má kán omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i. Ní Òkè Ọya, ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀, National Eye Centre, wà ní Kàdúná. Àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní Kano, Jos, Ìlọrin, Ìbàdàn àti Calabar náà ní ẹ̀ka ojú.

Màmá Kàdúná ti padà sí ìsọ̀ wọn. Ìwé pélébé kan wà nínú pọ́ọ̀sì wọn tí orúkọ àwọn oògùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ lò wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún Iléyá tó kọjá, wọ́n ní kí n bá wọn tún un kọ ní lẹ́tà gàdàgbà, torí oníkẹ́míìsì tuntun ti dé sí àdúgbò, ojú tirẹ̀ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.